Ta Ni Yóò Dí Kòtò Ojú Títì Wa? Ìtàn Owó Ọ̀nà àti Afárá ní Prince George's

Nígbà tí òtútù bá ń kógbá wọlé ní apá ibí yìí, láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹta, ni kòtò máa ń lù sí ojú títì bí ìgbà tí a fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ. Omi ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. A wọ inú ọ̀dà tí ó ti sán. Bí òtútù bá mú un ní òru, a di yìnyín, a fẹ̀, a sì ti ọ̀dà sókè. Bí oòrùn bá yọ, yìnyín a yọ́, àlàfo a ṣẹ́kù sí abẹ́ ọ̀dà. Tírélà kan péré tí ó bá gba orí rẹ̀ kọjá, ojú títì a rì. Ní ilé, àgbàrá òjò ni a mọ̀ sí irú iṣẹ́ báyìí.

Iṣẹ́ ìtọ́jú ìdílé tí mo ń ṣe máa ń gbé mi wọ ilé àwọn òbí wa lemọ́lemọ́, ìbéèrè kan sì wà tí mo máa ń gbọ́ ṣáá: "Owó orí tí à ń san lórí ilé pọ̀ tó báyìí, kí ni wọ́n ń fi í ṣe?" Ìdáhùn tí a sábà máa ń fún ara wa kò gùn: wọ́n ti kó o jẹ. Ìrírí ilé ni ó kọ́ wa ní ìdáhùn yẹn, n kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìtàn ibí yìí ní ọ̀nà tirẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí ojú wa ń rí lórí títì Prince George's, ará ìlú ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dìbò fún un, kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó gbé àpótí wa dé. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó ni ọ̀nà. Ní Nàìjíríà a mọ títì Trunk A ti ìjọba àpapọ̀, a mọ ti ìpínlẹ̀, a sì mọ ti ìjọba ìbílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tí ọ̀nà bá bàjẹ́, gbogbo wọn a máa na ìka sí ara wọn. Ọwọ́ mẹ́rin ni ó pín títì ní Prince George's. Baltimore-Washington Parkway àti Suitland Parkway wà lábẹ́ iléeṣẹ́ National Park Service ti ìjọba àpapọ̀. Títì ńláńlá bí Beltway, Indian Head Highway, Central Avenue àti Annapolis Road, ti ìpínlẹ̀ Maryland ni wọ́n. Àwọn ìlú 27 tí wọ́n ní ìjọba tiwọn nínú káúńtì, bí Bowie, Laurel, Greenbelt àti Hyattsville, ni wọ́n ń tọ́jú òpópónà inú ìlú wọn. Ìyókù di ti káúńtì. Ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ sì jẹ́ Upper Marlboro, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ó má gbé nínú ìlú Upper Marlboro rárá. Ìlú kékeré ni, àdírẹ́sì rẹ̀ ni ó gbòòrò. Èyí ni ó fà á tí ènìyàn fi lè pe ọ́fíìsì kan lórí kòtò ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí wọ́n sì sọ fún un, tòótọ́ tòótọ́, pé kì í ṣe tiwọn.

Ní 1696 ni a dá káúńtì yìí sílẹ̀, tí a sì fi orúkọ Prince George ti ilẹ̀ Denmark sọ ọ́, ọkọ Anne tí ó di ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà. Tábà ni iṣẹ́ ilẹ̀ náà. Ní 1704, àwọn aṣòfin Maryland pa á láṣẹ pé kí a máa sá igi ẹ̀bá ọ̀nà ní àmì kí àlejò lè mọ ibi tí ọ̀nà gbé lọ. Láti inú àṣà yẹn ni orúkọ Three Notch Road ti wá ní gúúsù Maryland. Kóòtù káúńtì ni ó ń yan alábòójútó ọ̀nà. Kò sí owó tí a yà sọ́tọ̀. Agbára apá ni owó orí tí à ń san lórí ọ̀nà. Alábòójútó a ránṣẹ́ pe àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé owó orí kí wọ́n wá gé igi, kí wọ́n kún ẹrẹ̀, kí wọ́n to pákó afárá. Ẹni tí ó ní ẹrú a fi ẹrú rẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tí ó sì fi máa di 1860, ẹrú ju ìdajì àwọn ènìyàn káúńtì yìí lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ wa bá bèèrè lọ́wọ́ wa bóyá ènìyàn dúdú ní ìpín nínú ìtàn ibí yìí, a lè na ìka sí ilẹ̀ tí ọkọ̀ wọn ń tẹ̀.

Yorùbá kò ní ṣàjèjì sí ètò tí agbára apá fi ń jẹ́ owó ọ̀nà. Àdúgbò ni ó ń yẹ ọ̀nà oko àti ọ̀nà odò tirẹ̀. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́kùnrin a jáde ní ọjọ́ tí baálẹ̀ bá dá, ẹni tí kò bá yọjú a san owó ìtanràn. Ti ọ̀nà òwò yàtọ̀: oníbodè a jókòó sí ẹnu ibodè, a gba owó lọ́wọ́ alájàpá. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n sọ iṣẹ́ ọ̀nà di iṣẹ́ àfipáṣe tí kì í ṣe ti àdúgbò ẹni mọ́. Ní Ẹ̀gbá, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba òmìnira ìlú náà ní 1914, wọ́n mú owó orí wọlé ní 1918 dípò owó ibodè. Iṣẹ́ àfipáṣe àti owó tuntun yìí wà lára ohun tí ó bí Ogun Adùbí ní ọdún kan náà, tí àwọn ènìyàn fi hú irin ojú rélùwéè tí wọ́n sì gé wáyà. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ìbínú ará ìlú lórí owó orí yóò tún padà wá nínú ìtàn yìí, ní ìlú méjì tí wọn kò mọ ara wọn.

Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Maryland dá ìgbìmọ̀ ọ̀nà ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní 1908. Ìpínlẹ̀ Oregon ni ó kọ́kọ́ bu owó orí lé epo ọkọ̀ ní 1919, Maryland sì tẹ̀ lé e ní 1922. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ dára: ẹni tí ó bá ń lo ọ̀nà ni yóò san owó ọ̀nà, láìsí oníbodè tí yóò dá a dúró. Ìjọba àpapọ̀ wọ inú rẹ̀ ní 1932, nígbà tí ó sì di 1956 ó dá àpò owó títì ńlá sílẹ̀, láti inú èyí tí títì Interstate ti jáde. Ní oṣù Kẹjọ 1964, a parí Beltway tí ó yí Washington ká, oko tábà Prince George's sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ilé.

Afárá Woodrow Wilson ni ó kọ́kọ́ fi han gbogbo ayé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí a bá kọ́ nǹkan tí a kò sì ya owó ìtọ́jú rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n: òun ni ó gbé Beltway kọjá odò Potomac láti Oxon Hill lọ sí Alexandria. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ ọ, a sì ṣí i ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá 1961, ọjọ́ ìbí ààrẹ tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Edith, opó ààrẹ náà, ni ó yẹ kí ó jẹ́ àlejò pàtàkì níbẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni ó kú. Àwọn tí wọ́n gba àmì gbọ́ lè rò ó bí wọ́n ti fẹ́.

Ọkọ̀ 75,000 ní ọjọ́ kan ni a kọ́ ọ fún. Nígbà tí ó fi máa di ìparí ọdún 1990 sí 1999, nǹkan bí 200,000 ni ó ń gba orí rẹ̀. Beltway ní ojú ọ̀nà mẹ́jọ, afárá náà ní mẹ́fà, nítorí náà ní àràárọ̀ àti ní alaalẹ́ ni ọkọ̀ ń dì bí omi nínú ìgò tí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín. Bí ọkọ̀ ojú omi tí ó ga bá sì dé, afárá a là sí méjì kí ó lè kọjá, gbogbo ayé a dúró. Àwọn ẹnjinníà kìlọ̀ pé ìwọ̀n ọkọ̀ akẹ́rù ti jẹ ẹ́ dé egungun, àti pé bí a kò bá pààrọ̀ rẹ̀, ìgbà kan ń bọ̀ tí a ó fi òfin lé ọkọ̀ ńláńlá kúrò lórí rẹ̀.

Ta ni kí ó sanwó? Ìbéèrè yìí jẹ ọdún púpọ̀. Nínú gbogbo afárá orí títì Interstate ní Amẹ́ríkà, òun nìkan ni ó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀. Maryland àti Virginia wí pé ẹni tí ó ni nǹkan ni í tún un ṣe. Àwọn kan nínú ilé aṣòfin àpapọ̀ wí pé àwọn tí ń gun ún ni kí wọ́n sanwó. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Third Mainland ní Èkó yóò rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ṣí afárá yẹn ní 1990. Ará Èkó ni ó ń gùn ún lójoojúmọ́, ìjọba àpapọ̀ ni ó ni ín, nítorí náà Àbújá ni à ń wò lójú kí a tó lè tún un ṣe, bí ó ti rí nígbà tí a ti apá kan rẹ̀ láti oṣù Keje 2020 títí di oṣù Kejì 2021.

Ní 1998, ilé aṣòfin àpapọ̀ fi mílíọ̀nù 900 dọ́là sílẹ̀ fún Woodrow Wilson. Ní 2000 ó fi mílíọ̀nù 600 kún un. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún yẹn. Ní ìparí 2001, nígbà tí a pe àwọn agbaṣẹ́ṣe láti wá dá iye lé iṣẹ́ òkè afárá náà, ẹyọ kan péré ni ó dáhùn, iye tí ó sì dá, nǹkan bí mílíọ̀nù 860, fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ju èyí tí ìjọba ti fojú bù lọ. Maryland kò gbà. Wọ́n gé iṣẹ́ náà sí mẹ́ta kí agbaṣẹ́ṣe púpọ̀ lè du ú, owó sì wálẹ̀. N kò rí ìdí tí a kì í fi í kọ́ àwọn ọmọ wa ní irú ọgbọ́n báyìí. Iyàn ọjà ni, ìyá olóńjẹ ní Dùgbẹ̀ mọ̀ ọ́n. A ṣí apá kìíní afárá tuntun ní 2006, a ṣí èkejì ní 2008. Ojú ọ̀nà méjìlá ni ó ní báyìí, ó sì ga ju ti àtijọ́ lọ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fi í là fún ọkọ̀ ojú omi bí ti tẹ́lẹ̀. Ní òru kan nínú oṣù Kẹjọ 2006, nígbà tí a fẹ́ fi àdó olóró wó apá kan afárá àtijọ́, ẹni tí ìyà ìrìnàjò iṣẹ́ jẹ jù lórí rẹ̀ ni wọ́n wá rí tí wọ́n ní kí ó tẹ ìjánu náà. Gbogbo iṣẹ́ náà, pẹ̀lú àwọn oríta rẹ̀, ná tó bílíọ̀nù 2.5 dọ́là.

Afárá ńlá ní alágbàwí. Gómìnà a sọ̀rọ̀ rẹ̀, sẹ́nétọ̀ a jà fún un, ìwé ìròyìn a ya àwòrán rẹ̀. Òpópónà kékeré tí bọ́ọ̀sì iléèwé ń gbà lẹ́yìn ilé yín kò ní ẹnìkan. Owó tirẹ̀ ti inú àpò káúńtì wá, àpò náà sì ní okùn lẹ́nu.

Ní oṣù Kẹfà 1978, àwọn ará California dìbò fún òfin kan tí wọ́n ń pè ní Proposition 13, tí ó dín owó orí ilé kù tí ó sì fi òté lé e. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà iná náà ràn dé Prince George's. Ọdún mẹ́jọ péré ni ìwé òfin ìpìlẹ̀ káúńtì náà, tí a gbà wọlé ní 1970, nígbà náà. Àwọn ará ìlú fi ìbò kọ àtúnṣe kan sínú rẹ̀. Tax Reform Initiative by Marylanders ni orúkọ rẹ̀, TRIM ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ohun tí ó sọ kò lọ́jú pọ̀: iye owó orí ilé tí káúńtì bá rí gbà ní 1979, nǹkan bí mílíọ̀nù 144 dọ́là, káúńtì kò gbọdọ̀ gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Àròpọ̀ owó náà ni a dá dúró, kì í ṣe iye tí ẹnì kan ń san nìkan. Bí a kọ́ ilé ẹgbẹ̀rún tuntun, tí títì tuntun ń wọ ẹnu ọ̀nà wọn, owó kò gbọdọ̀ lé.

Kò pẹ́ tí ó fi ro káúńtì lára. A dá olùkọ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ ìlú sì fà sẹ́yìn. Ní 1984, nígbà tí Parris Glendening jẹ́ alákòóso àgbà káúńtì, àwọn olùdìbò gbà kí a tú okùn náà díẹ̀: dípò àròpọ̀ owó, iye tí a ń gbà lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là ni a fi òté lé, dọ́là 2.40 lórí ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan iye tí ìjọba dá lé ilé. Nígbà tí Maryland yí ọ̀nà ìdíyelé ilé padà ní 2001, iye náà di sẹ́ǹtì 96, ohun kan náà ni pẹ̀lú aṣọ mìíràn. Káúńtì lè rí owó sí i bí ilé bá gbówó lórí. Bí ilé bá jákulẹ̀, bí ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 2008, owó náà a bá a jákulẹ̀.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni ó bí TRIM. Ẹ̀rí díẹ̀ wà fún èrò yẹn. Ní 1970, nǹkan bí ènìyàn 14 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó jẹ́ dúdú ní káúńtì yìí. Ní 1980 ó ti di 37. Láti 1973 ni kóòtù ti pàṣẹ pé kí bọ́ọ̀sì máa kó ọmọ dúdú àti funfun pọ̀ sí iléèwé kan náà, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun sì ń kó kúrò. Ẹni tí ó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ kì í fẹ́ dáwó orule. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀wọ́ngógó ìgbà yẹn pọ̀, iye tí a ń dá lé ilé ń ga lọ́dọọdún, owó oṣù kò sì tẹ̀ lé e. Arúgbó tí ó ti san gbèsè ilé rẹ̀ tán ń bẹ̀rù pé owó orí ni yóò lé òun jáde. Èyí tí ó sì mú mi gbà pé àwọ̀ nìkan kọ́ ni 1996. Nígbà náà ènìyàn dúdú ti ju ìdajì lọ ní káúńtì, Wayne Curry, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó di alákòóso àgbà níbẹ̀, sì bẹ ará ìlú pé kí wọ́n fagi lé TRIM. Wọ́n kọ̀. Wọ́n tún dìbò fún ìbéèrè mìíràn tí ó ní káúńtì gbọdọ̀ gba àṣẹ olùdìbò kí ó tó lè fi owó orí tàbí owó iṣẹ́ kún tẹ́lẹ̀.

Ta ni yóò bá wọn wí? Ní ilẹ̀ wa, ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn, Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ dìde lábẹ́ orúkọ Àgbẹ̀kọ̀yà. Ìtàn náà dé etígbọ̀ọ́ gbogbo wa láti ẹnu bàbá wa gẹ́gẹ́ bí ìtàn owó orí: òkè mẹ́fà, èyíinì ni ọgbọ̀n ṣílè, ni wọ́n ní àwọn lè san, nígbà tí owó kòkó ń relẹ̀ tí owó orí ń ròkè, tí akódà sì ń wọ abúlé wá mú ènìyàn. Ohun tí a máa ń gbàgbé ni pé títún ọ̀nà abúlé ṣe wà nínú ohun tí wọ́n bèèrè. Wọn kò sọ pé àwọn kò fẹ́ ìjọba. Wọ́n ní àwọn ti san, àwọn kò rí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà wá kó kòkó. Ẹ̀mí ṣòfò púpọ̀, Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà lára àwọn tí a pa ní 1969. Nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí Olóyè Awólọ́wọ̀ bá Táfá Adéoyè sọ̀rọ̀, a dín owó orí kù sí pọ́ùn méjì. Owó orí dín, ó rọrùn láti kọ ọ́ sínú òfin. Ti ọ̀nà abúlé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà oko ní agbègbè Àkànrán ní ìgbà òjò.

Níbi tí ìtàn méjèèjì ti pàdé nìyẹn. Ìbò tàbí ìjà lè dín owó orí kù ní ọjọ́ kan. Kò sí ohun tí ó lè dí kòtò ní ọjọ́ kan. Nínú káúńtì tí a ti fi òté lé owó rẹ̀, iléèwé àti ọlọ́pàá ni í kọ́kọ́ jẹun, nítorí pé wọ́n ní ẹnu. Títì kò ní ẹnu. Bí a kò bá tún un ṣe lọ́dún yìí, ó lè dúró di ọdún tí ń bọ̀. Àwọn ẹnjinníà sì mọ̀ pé títì tí a bá fi ọ̀dà tín-ín-rín bò nígbà tí ó ṣì le, owó díẹ̀ ni. Èyí tí a bá fi sílẹ̀ títí omi fi dé ìpìlẹ̀ rẹ̀, a ó hú u tán ni, owó rẹ̀ a sì di ìlọ́po ìlọ́po. Owó tí a kò san ní 1985 kò lọ síbì kankan. Ó jókòó sí abẹ́ ọ̀dà, ó ń dúró de ẹni tí yóò ra ilé náà ní 2005. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ra ilé ní 2005 ni ó ń ka ìwé yìí.

Nígbà tí ó di 2015, alákòóso àgbà Rushern Baker gbìyànjú láti ti òté náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òfin ìpínlẹ̀ kan ti jáde ní 2012 tí ó gba káúńtì láyè láti kọjá irú òté bẹ́ẹ̀ bí owó náà bá jẹ́ ti iléèwé. Ó bèèrè àfikún ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìgbìmọ̀ káúńtì fún un ní sẹ́ǹtì mẹ́rin. Fún iléèwé ni. Títì kò ní ìpín nínú rẹ̀.

Owó epo ọkọ̀ ni ó yẹ kí ó dí àlàfo náà. Láti 1971 ni Maryland ti ní àpò owó ìrìnnà tí owó epo àti owó ìwé ọkọ̀ ń wọ̀, ìpínlẹ̀ a sì pín nínú rẹ̀ fún káúńtì àti ìlú kéékèèké láti fi tún títì wọn ṣe. Ìṣòro méjì ni ó bá a. Èkínní, iye kan pàtó lórí gálọ́ọ̀nù kan ni owó náà: sẹ́ǹtì 23.5 láti 1992 títí di 2013, nígbà tí owó ọ̀dà, tí òun náà ti inú epo rọ̀bì wá, ń ga. Ti ìjọba àpapọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ; sẹ́ǹtì 18.4 tí ó wà láti 1993 kò tí ì lé ní ẹyọ kan. Ọkọ̀ tuntun kò sì mu epo bí ti àtijọ́. Ní 2013 Maryland so owó epo tirẹ̀ mọ́ iye tí ọjà ń gun, ó sì di sẹ́ǹtì 47 ní oṣù Keje 2023.

Ìṣòro kejì ni ó dùn mí jù, nítorí pé díẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé ní 2008 àti 2009, ìpínlẹ̀ wá owó kiri láti fi dí ihò inú ìṣúná rẹ̀, ó sì gé owó títì tí ó ń pín fún káúńtì àti ìlú kéékèèké. Ó dé ibi pé, gbogbo káúńtì Maryland pọ̀, ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni ó ń dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà náà. Àwọn ìlú kéékèèké ń gba ìdá 0.4 nígbà náà. Baltimore nìkan ni ó ń rí èyí tí ó jọjú, nítorí pé òun ni ó ń tọ́jú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo títì inú rẹ̀. Káúńtì tí ó ní òkè owó orí tí kò lè kọjá, tí a tún wá gba owó epo lọ́wọ́ rẹ̀, báwo ni yóò ṣe rí owó ọ̀dà? Nígbà tí ó fi máa di 2018 ni a tó ṣe òfin tí ó dá díẹ̀ padà, ti 2022 sì fi kún un. Ọdún mẹ́wàá ti lọ, yìnyín kò sì dá iṣẹ́ tirẹ̀ dúró.

Ní oṣù Kejì 2015, òkúta kọnkéré kan já bọ́ láti abẹ́ afárá Suitland Road sórí ọkọ̀ obìnrin kan tí ó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ lórí Beltway, nítòsí Morningside. Ó fọ́ ọkọ̀ náà. Ọlọ́run yọ obìnrin náà. Amẹ́ríkà ti ń yẹ afárá wò ní ìlànà kan káàkiri orílẹ̀-èdè láti 1971, lẹ́yìn tí Silver Bridge wó sínú odò Ohio ní 1967 tí ó sì pa ènìyàn 46, nítorí náà àìmọ̀ kì í ṣe ìṣòro. A ti mọ̀ pé ara afárá náà kò le. Àyẹ̀wò yàtọ̀ sí owó. Ní oṣù díẹ̀ sí i, gómìnà Larry Hogan kéde owó fún títì àti afárá, ó sì ní gbogbo afárá 69 ti ìpínlẹ̀ tí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pé apá kan wọn ti bàjẹ́ ni a ó tún ṣe.

Lẹ́yìn náà ni 2021, nígbà tí ilé aṣòfin àpapọ̀ ṣe òfin ńlá fún iṣẹ́ ìlú. Bílíọ̀nù 27.5 dọ́là fún afárá wà nínú rẹ̀, a sì ya apá kan sọ́tọ̀ fún afárá àwọn títì kékeré tí ìjọba àpapọ̀ kì í sábà nawọ́ sí, tí káúńtì kò sì ní fi kọ́bọ̀ kún un. Ọdún márùn-ún ni a pín owó náà sí.

Gbogbo wa ni a rí àwòrán afárá Francis Scott Key ní Baltimore ní òwúrọ̀ ọjọ́ 26 oṣù Kẹta 2024, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Dali kọlù ú tí ó sì wó sínú omi. Ènìyàn mẹ́fà kú. Ohun tí àwọn kan kò kíyè sí ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ní òru: kòtò ni wọ́n ń dí. Àjèjì bíi tiwa ni wọ́n, láti Mexico, Guatemala, Honduras àti El Salvador. Láàárín oṣù mẹ́sàn-án, ilé aṣòfin àpapọ̀ ti fọwọ́ sí i pé ìjọba àpapọ̀ ni yóò san gbogbo owó afárá tuntun. Ní ìparí 2025, iye tí Maryland fojú bù fún un ti ju bílíọ̀nù 4 dọ́là lọ.

Fún òpópónà tiwa, ọ̀nà kan ṣì wà tí owó ń gbà wọlé láìfọwọ́ kan TRIM, òun ni owó yíyá. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ káúńtì ní kí a bèèrè lọ́wọ́ olùdìbò kí káúńtì tó yá owó ọlọ́jọ́ pípẹ́ fún iṣẹ́ títì, afárá, iléèwé àti ilé ìkàwé. Nítorí náà, ní ọdún méjì méjì, nínú oṣù Kọkànlá, ìbéèrè kan máa ń wà lórí ìwé ìbò nípa owó iṣẹ́ ìlú àti ìrìnnà. Kì í wà níbi tí orúkọ ààrẹ, gómìnà tàbí sẹ́nétọ̀ wà. Ó máa ń wà ní ìsàlẹ̀, tàbí ní ẹ̀yìn ìwé, lẹ́yìn orúkọ àwọn adájọ́, níbi tí ọwọ́ ti ń rẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ibẹ̀ náà ni TRIM wà ní 1978.